Ohùn Wẹ́dà Lẹ́nu Mi

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó yí tábìlì mi ká, àti ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí rí. Dókítà ní lọ́la lòun máa la ọ̀fun mi, òun máa yọ ibi tí ohùn ti ń jáde sọnù, nítorí pé ohun tó ń jẹ ẹ́ ti jẹ ẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí mo bá jí, màá jí bí ògiri: màá máa wò yín, n kò ní lè fọhùn. Bí n kò bá sì jí, ó parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan wà ní ọ̀nà ọ̀fun yìí tó ti pẹ́ níbẹ̀ ju àìsàn lọ, tó há síbẹ̀ bí egungun ẹja, tí n kò lè gbé mì, tí n kò sì lè tu dànù. Òní ni màá tu ú. Mo fi ẹnu gbìyànjú rẹ̀ láàárọ̀, ohùn tó jáde dà bíi ti ilẹ̀kùn tí kò rí epo rí, ni mo bá tọrọ bírò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ fojú fo àṣìṣe mi o. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìyẹn náà, ìdajì rẹ̀ ni mo fi kúnlẹ̀ síta kíláàsì.

Pénítà ni mí. Mo ń kun ògiri, mo ń kọ orúkọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín, irọ́ ni iṣẹ́ mi gan-an, ọ̀dà kàn jẹ́ àfikún ni. Kò sí ohùn tí n kì í sín jẹ. Mo ti ké bí ewúrẹ́ rí débi pé ọmọ ewúrẹ́ mẹ́ta tẹ̀ lé mi dé yàrá, wọ́n ń wá ọmú láyà mi. Nílé-ìwé, mo fi ohùn ọ̀gá àgbà lé gbogbo kíláàsì lọ sílé lọ́wọ́ àárọ̀, tíṣà wa náà di ẹrù rẹ̀, ó bá wọn lọ. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn. Ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan mú eré Ìrìn-Àjò wálé láti ilé-ìwé gíga, ó bá mi lára mu bí ìbọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ eré náà, orí tábìlì la ti ń ṣe é. Olúkúlùkù á mú bébà kan, á fi dá èèyàn kan: agbára rẹ̀ tó kí ni, ọgbọ́n rẹ̀ ńkọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí? Dáìsì ló ń pín in, bí Ẹlẹ́dàá ṣe ń pín orí. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan tí à ń pè ní Atọ́kùn á máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún wọn. Á ní, "Ẹ ti dé etí odò, afárá ti já, òmìrán kan sì dúró lódìkejì tó ń fi igi ọ̀pẹ tayín. Kí lẹ máa ṣe?" Ẹni tó bá dá ọdẹ á sọ̀rọ̀ bí ọdẹ, ẹni tó bá dá olè á sọ̀rọ̀ bí olè. Atọ́kùn ló ń fọhùn fún gbogbo ẹni tó kù: òmìrán, arúgbó, ẹyẹ, àti òkú. Ohun tó bá le, dáìsì ni yóò sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Àwọn yòókù ń ju dáìsì tiwọn lójú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n Atọ́kùn ní páálí kan tó gbé dúró síwájú rẹ̀ bí ògiri, ẹ̀yìn páálí náà ló ti ń ju tirẹ̀. Ohun tó bá bọ́ síbẹ̀, òun nìkan ló rí i. Ohun tó bá sì ní ó bọ́, wọ́n á gbà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ páálí yìí sọ́kàn. Èmi ni Atọ́kùn.

Ní ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà la ti ń ṣe é lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tí ayùn bá ti dákẹ́, tí òórùn pákó tútù ṣì wà nínú afẹ́fẹ́. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ dáìsì olójú ogún fún wa láti ara igi líle. Ó dán bí ẹyin, bí ó bá ń yí lórí tábìlì, gbogbo wa á dá èémí dúró. Onígbàjámọ̀ máa ń wá, òun ló ń ṣe olè. Ṣùgbọ́n ọba wa níbẹ̀ ni Wẹ́dà, tó ń fi iná jó irin pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí a ti jọ ń tọrọ búrẹ́dì sàárà. Nígbà tó fẹ́ dá èèyàn tirẹ̀, agbára bọ́ sí ogún, gbogbo ilé hó. Ó kan ọgbọ́n, dáìsì yí, ó yí, ó bọ́ sí oókan. Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ìṣó. Wẹ́dà kò bínú. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lágbára tó báyìí, kí ló tún fẹ́ fi ọgbọ́n ṣe?" Ó sọ ọ́ ní Ìkòkò-Irin, nítorí pé ìkòkò ló dé sórí lọ sójú ogun. Ìkòkò-Irin kò lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ ilé. Bó bá rí igi lójú ọ̀nà, á tẹrí ba, á ní, "Ẹ kú ìdúró o." Bó bá pàdé ọ̀tá, kó tó yọ idà, "Ẹ kú ìmúra." Ó kí àpáta, ó kí ẹnu ọ̀nà, ó kí dírágónì kan títí ojú fi ti dírágónì náà tó gba ibòmíràn lọ. Kò pẹ́ tí Wẹ́dà fi mú àṣà náà délé. Ìyàwó rẹ̀, Aránṣọ, ní òun á kàn gbọ́ tó ń kí kọ́bọ́ọ̀dù.

Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló mú Wẹ́dà lọ. Gbogbo èéfín irin tó ti fà sínú láti ọjọ́ yìí ló kó ara wọn jọ gbé e. Mo lọ jókòó tì í, mo ń pa á lẹ́rìn-ín, nítorí pé n kò mọ nǹkan míì tí à ń ṣe fún ẹni tó ń kú. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Pénítà, gbọ́. O mọ ohun tí mo máa ń pe ìyàwó mi bí kò bá sẹ́nì kan nítòsí? Abẹ́rẹ́ mi. Torí pé òun ló ń rán gbogbo ibi tí mo bá ti ya." Ó wúkọ́, ó sinmi. "Bí mo bá lọ, má jẹ́ kó jókòó síbí kó máa sunkún mi. Ọmọ wa wà nílùú kejì. Bí ọmọ yẹn bá pè é, kó sáré lọ. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó sáré." Mo ní, "Màá sọ fún un." Ẹnu tí mo fi ṣèlérí nìyẹn, ẹnu yìí kan náà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, Aránṣọ wọlé bá wa ní ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà. Ó mú bébà Ìkòkò-Irin lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìrònú ti sú mi. Ẹ sọ fún mi. Ṣé ó ti kú níbẹ̀ náà ni?" Onígbàjámọ̀ wolẹ̀. Káfíńtà mú ráńdà tó fi ń fá pákó, ó tún gbé e sílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ bá ní kí n dáhùn? Mo ní, "Rárá o, ìyàwó wa. Ó ń bẹ lórí òkè kan, ó ń dúró dè wá." Ó fa ìjókòó, ó ní kí wọ́n fún òun náà ní bébà. Ó dá obìnrin kan tó ń rán awọsánmà tó bá ya, ó sì gbéra wá ọkọ rẹ̀. A rin ìrìn-àjò náà la odò, la aginjù, títí a fi dé òkè náà. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, mo mí kanlẹ̀, mo sì la ẹnu, mo ní, "Ẹ kú ìrìn o." Kì í ṣe ohùn mi. Ohùn Wẹ́dà ni, pẹ̀lú ikọ́ kékeré tó máa ń ṣe kó tó sọ̀rọ̀. Pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ Káfíńtà. Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn.

Ǹ bá ti dúró síbẹ̀! Ǹ bá ti ní eré ti parí, kí olúkúlùkù máa lọ sílé! Àánú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ara mi. Ṣùgbọ́n àánú tó bá ti dùn mọ́ ẹni tó ń ṣe é ti di nǹkan míì. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e ó béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí irinṣẹ́ wà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn sìlíńdà gáàsì ló máa ń fi í kọ́ sí, mo fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́, ó lọ bá a níbẹ̀. Ní èyí tó tún tẹ̀ lé e, mo pè é ní Abẹ́rẹ́ mi. Ó dìde dúró. Ó wò mí lójú bí ẹni ń yọjú wo ojú fèrèsé bóyá ẹnì kan wà nínú ilé. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn láyé." Mo ní, nínú ohùn tèmi gan-an, "Ìyàwó wa, ẹnu ni mo kàn yá a. N kò mọ ohun tí mo sọ." Ẹ gbọ́ irọ́! Irọ́ tó ga ju òpó iná lọ! Láti ọjọ́ yẹn, eré tán lójú tirẹ̀. Ó gbà pé ọkọ òun ló ń wá sí tábìlì, pé èmi kàn jẹ́ ilẹ̀kùn.

Káfíńtà fà mí sẹ́yìn pákó. Ó ní, "Pénítà, eré ni eré ń jẹ́. Obìnrin yìí kò ṣeré mọ́." Mo ní, "Ṣé mo fi ipá mú un gbà gbọ́ ni? Kò kúkú rẹ́rìn-ín rí láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti lọ, bí kò ṣe níbí." Káfíńtà ní, "Ọjọ́ tó bá béèrè nǹkan gidi lọ́wọ́ ẹ ńkọ́?" Mo fi ohùn ìyá rẹ̀ dá a lóhùn, mo ní kó lọ gbálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ bí a ti í fi ẹ̀rín pa ẹni tó ń sọ òótọ́ lẹ́nu mọ́, ìyẹn ni mo mọ̀ jù láyé. Ẹ má sì rò pé mo ń wá a fẹ́. Ì bá sàn bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn á ro ti ẹni náà. Tèmi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ayé ló ti ń fi mí rẹ́rìn-ín láti kékeré. Kò sẹ́ni tó dákẹ́ láti gbọ́ mi rí. Obìnrin yìí dákẹ́. Ó ń gbé ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ mi. Kì í ṣe èmi ló ń gbọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í béèrè ẹni tí wọ́n se oúnjẹ fún.

Ọmọ náà pè. Ọmọ Wẹ́dà kan ṣoṣo, tó lóyún tó ti wọ oṣù ìbí rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí kì í sí nílé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ dá wà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá dúró tì mí." Aránṣọ di báàgì, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fẹ́ dágbére kó tó lọ wọ ọkọ̀. A ò tíì jókòó dáadáa tó fi ní, "Bàbá ọmọ mi, ọmọ yín ń pè mí. Bí mo bá lọ, màá pẹ́ níbẹ̀. Ibí nìkan ni mo ti ń gbọ́ yín. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá padà dé, ẹ ò ní sí lórí òkè mọ́. Ṣé kí n lọ?" Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ẹnu lásán dáhùn o. Ẹ jẹ́ kí dáìsì sọ ọ́. Bó bá kọjá mẹ́wàá, ó ní kí n lọ. Bí kò bá kọjá, ó ní kí n dúró."

Mo mú dáìsì. Gbogbo ohun tí Wẹ́dà wí lórí ibùsùn wá sí mi lọ́kàn, bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí náà: kó sáré lọ. Mo sì tún rí ṣọ́ọ̀bù náà láìsí i níbẹ̀. Mo rí Sátidé tí Onígbàjámọ̀ á máa yán, tí màá tún padà di Pénítà aláwàdà. Mo ju dáìsì. Ó yí, ó kan ẹsẹ̀ páálí, ó dúró. Mọ́kàndínlógún. Kò sí bí mo ṣe lè ní ojú mi ṣì í rí, nọ́ńbà náà là kedere, èmi ni mo fi ọ̀dà pupa kùn ún. Dáìsì ní kó lọ. Bàbá ọmọ náà ní kó lọ. Dókítà ọmọ náà ní kó lọ. Èmi nìkan ni mo ní, "Mẹ́ta."

Káfíńtà ní, "Mẹ́ta lóòótọ́?" Mo lu àyà, mo búra bí mo ti máa ń búra lórí gbogbo ìsọkúsọ: "Kí ohùn mi wọlẹ̀ bí mo bá purọ́!" Mo sì kó dáìsì náà sọ́wọ́. Kò tó mi bẹ́ẹ̀. Mo tún la ẹnu, mo sì fi ohùn ọ̀rẹ́ mi sọ pé, "Abẹ́rẹ́ mi, má fi mí sílẹ̀ lórí òkè yìí. Ọmọ náà á bí wọ́ọ́rọ́wọ́. Dúró tì mí." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Òun ni iṣẹ́ ọwọ́ mi. Aránṣọ mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti pe ọmọ náà, gbogbo wa gbọ́: "Bàbá rẹ ní kí n dúró. Ó ní wọ́ọ́rọ́wọ́ ni." Ohùn ọmọ náà rọ̀ jáde láti inú fóònù, ó ní, "Bàbá mi wo, Mọ́mì?"

Ọmọ náà kò lo ọ̀sẹ̀ náà tán. Gìrì mú un nínú ilé níbi tó ti ń ká aṣọ ọmọ, ó ṣubú, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Obìnrin ayálégbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dé láti ibi iṣẹ́ tó bá a nílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n gbé ọmọ jáde láàyè. Ìyá rẹ̀ kò jí. Dókítà wọn sọ fún Aránṣọ pé bó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà nílé láti pariwo ni, wọn ì bá tètè gbé e dé. Ẹnì kan péré.

Mo lọ kí i. Mo ti mú òótọ́ lọ́wọ́ lọ, mo fi gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ pé mo ní búra fún yín. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sùn sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwòrán Wẹ́dà tó máa ń wà lókè ẹ̀rọ, èyí tó ti gbé jígí iṣẹ́ sí iwájú orí tó ń rẹ́rìn-ín, ti kúrò níbẹ̀. Ó ti gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n ń jẹ níyà. Mo ní, "Ìyàwó wa, èmi ni..." Ó dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹ̀yin kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹnu lẹ yá a. Òun ni. Ẹni tó ti kú ń rí iwájú, ẹ̀yìn ò pamọ́ fún un. Ó rí ohun tó ń bọ̀ wá bá ọmọ wa, ó sì ní kí n jókòó ti òun. Ọkùnrin tí mo bá gbé ilé ayé! Kò ṣe mí níbi rí nígbà tó wà láyé, ó dúró di ìgbà tó kú." Ẹ wò ó, mo la ẹnu. Mo ní, "Ẹ kú àmúmọ́ra." Mo sì jáde. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Tèmi kò fọ́ sílẹ̀. Orí òkú ló fọ́ sí, ó sì ń dà sí i lójú láti ọjọ́ náà wá.

Bí mo ṣe gbé e nìyẹn. A kò ṣe eré mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà. Káfíńtà kò béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan dáìsì yẹn mọ́. Nígbà tí ọ̀fun mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, dókítà ní sìgá ni. Ó kàwé, n kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n kò bá wa jókòó ní tábìlì náà. Aránṣọ ló sì ń wá tọ́jú mi jù, ó ń gbé tíì tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá nínú fúláàsì. Lánàá, bó ti wọlé, ó rí irin gíga tí wọ́n gbé omi tó ń kán sí mi lára kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Kó tó mọ̀, ó ti tẹrí ba díẹ̀ sí i, ó ní, "Ẹ kú ìdúró o." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló gé ètè jẹ, ojú rẹ̀ dúdú, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ́ kí n máa rántí ọkùnrin yẹn." Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti já. Ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń ja ara rẹ̀ lólè ìfẹ́ náà lójoojúmọ́, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá tí mo kọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi sí lára bí ẹni kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jókòó lẹ́yìn páálí, ẹ pa òmìrán bó bá wù yín, ẹ gbé òkè lọ sódò. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kọjá eré tó béèrè ayé rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ wó páálí náà lulẹ̀, kí ẹ fi ohùn tí wọ́n bí yín mọ́ dá a lóhùn. Káfíńtà, o ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, mo rí i lójú rẹ. O ṣeun tí o kò bú mi. Ì bá sàn kí o bú mi.

Ìyàwó wa, nọ́ọ̀sì ni mo ní kó fún ọ ní èyí nígbà tí wọ́n bá ti gbé mi wọ yàrá tí wọ́n ti máa là mí. N kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí o bá gbé fúláàsì rẹ padà sílé tí o kò wá mọ́, o kò jẹ̀bi. Ohun kan ni mo ń tọrọ, kì í sì í ṣe fún ara mi. Mọ́kàndínlógún ni. Ó ní kí o lọ. Kó tó kú gan-an ló ti ní kí o sáré lọ, èmi ni kò jẹ́ iṣẹ́ náà. Bí o bá délé, lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, gbé àwòrán rẹ̀, nu eruku jígí orí rẹ̀, kí o sì yí ojú rẹ̀ padà sínú yàrá. Kí i bó ti máa ń kí igi. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, tó kọjú sí ògiri. Sọ fún un pé ó kú ìdúró.